Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe: Àyẹ̀wò Ìwé Kan Nípa Ìlú Le Chambon

Òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ọ̀nà méjì ni a lè gbà ba ìròyìn iṣẹ́ rere jẹ́. Èkíní ni pé kí a dákẹ́, kí a má sọ ọ́ rárá, títí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi kú tán. Èkejì ni pé kí a gbé ẹni tí ó ṣe é ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò fi wí nínú ara rẹ̀ pé, irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn bí èmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé èkíní kò dára. Àwọn tí ó mọ̀ pé èkejì pẹ̀lú léwu kò pọ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ ìwé kan wò, ìwé tí ó dára púpọ̀, tí ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kà nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó o, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí a fi ọgbọ́n kà.

Philip Hallie, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Wesleyan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ọdún 1979 ni ìwé náà jáde. Lest Innocent Blood Be Shed ni ó pe orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe, kí a má bàa ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Inú ìwé Deuteronomi ni ó ti mú orúkọ yìí, níbi tí a ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti ya àwọn ìlú ààbò sọ́tọ̀. Ìlú tí Hallie sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Le Chambon-sur-Lignon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ará ìlú àti àwọn àgbẹ̀ àyíká rẹ̀ ti fi àwọn Júù pamọ́, pàápàá àwọn ọmọdé, ní àkókò ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler.

Kí o tó lè mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti wúwo tó, ó yẹ kí o mọ bí àkókò náà ti rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940 ni Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé. Jámánì gba apá àríwá àti etí òkun. Apá gúsù sì bọ́ sí abẹ́ ìjọba tí Ọ̀gágun Pétain gbé kalẹ̀ sí ìlú Vichy. Ìjọba yìí kò pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn Júù lára. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an, ó ṣe òfin tí ó lé wọn kúrò nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ó sì fún àwọn aláṣẹ ní agbára láti kó àwọn Júù tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè sá wá sínú àgọ́ ìhámọ́, irú bí Gurs àti Rivesaltes. Ní oṣù keje ọdún 1942, ní ìlú Páríìsì, àwọn ọlọ́pàá Faransé fúnra wọn kó nǹkan bí 13,000 Júù láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọdé inú wọn sì lé ní 4,000. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ apá gúsù pẹ̀lú. Kí ogun náà tó parí, nǹkan bí 76,000 Júù ni a ti kó kúrò ní ilẹ̀ Faransé lọ sí àwọn àgọ́ ikú. Àwọn ọmọdé inú wọn lé ní 10,000. Díẹ̀ péré nínú gbogbo wọn ni ó padà wá.

Le Chambon wà lórí òkè títẹ́jú kan ní apá gúsù ilẹ̀ náà, tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000. Òtútù ibẹ̀ mú, òjò dídì a sì máa bo ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn àgbègbè náà, wọn kò sì lọ́rọ̀. Wọ́n yàtọ̀ sí àwọn ará Faransé yòókù ní ọ̀nà kan: Pùròtẹ́sítáǹtì ni ọ̀pọ̀ wọn, ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà pọ̀ jù. Ní ọdún 1685, Ọba Louis kẹrìnlá fagi lé òfin tí ó fún àwọn baba ńlá wọn ní àyè láti sin Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń lé wọn kiri. A sọ àwọn kan sẹ́wọ̀n, a pa àwọn mìíràn, wọ́n sì ń ṣe ìsìn wọn ní ìkọ̀kọ̀ nínú igbó. Ohun tí ojú wọn rí kò kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà tí àwọn tí a ń lé kan ilẹ̀kùn wọn ní ìran tiwọn, wọ́n mọ irú ènìyàn tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nísinsìnyí, wo bí Hallie ti ṣe ìtàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a mú àwọn aṣáájú, ní oṣù kejì ọdún 1943. Àwọn ọlọ́pàá gòkè wá láti mú Pásítọ̀ André Trocmé, Pásítọ̀ Édouard Theis tí í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1938, àti Roger Darcissac, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú náà. Trocmé kò sí nílé nígbà tí wọ́n dé. Nígbà tí ó fi máa wọlé, oúnjẹ alẹ́ ti tó jẹ, ìyàwó rẹ̀ Magda sì pe àwọn ọlọ́pàá náà síbi tábìlì kí wọ́n bá wọn jẹun. Bí ìròyìn ti kàn láàárín ìlú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́: oúnjẹ inú agolo, àbẹ́là, ohunkóhun tí ẹni tí ń lọ sí àgọ́ ìhámọ́ lè fẹ́ lò, ní àkókò tí irú nǹkan wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà padà sẹ́yìn láti sọ bí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A rí Trocmé àti Theis ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ilẹ̀ Faransé tẹríba fún Jámánì, tí wọ́n ń sọ fún ìjọ pé Kristẹni gbọ́dọ̀ kọ ìwà ipá, kí ó sì kọ àṣẹkáṣẹ tí ó bá lòdì sí ìhìnrere, láìkórìíra ẹnikẹ́ni. A rí Magda ní alẹ́ ọjọ́ òtútù kan, tí obìnrin Júù kan tí ó sá láti Jámánì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí òjò dídì ti bò, tí ó ń béèrè bóyá òun lè wọlé. Magda ní kí ó wọlé. Ó fún un ní oúnjẹ, ó gbé bàtà rẹ̀ tí ó tutù sí ìdí ààrò kí ó lè gbẹ, bàtà náà sì jóná. Nígbà náà ni ó ní láti wá bàtà mìíràn kiri ìlú, nígbà tí bàtà kò ṣeé rí rà. Ó tọ olórí ìlú lọ pé kí ó fún obìnrin náà ní ìwé, kí ó lè máa gbé láàárín wọn. Olórí ìlú náà kọ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí obìnrin náà máa lọ.

Níbí ni ọlá ìwé Hallie ti hàn, ó sì yẹ kí a yìn ín kí a tó bá a wí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé lórí ìwà rere ni í máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ńlá. Hallie bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó jẹ́ kí a rí i pé inú rere ní ìyà tirẹ̀: bàtà a máa jó, oúnjẹ ilé a máa dín, òkú òru a máa gbọ́ ìlẹ̀kùn tí a ń kàn. Ó sọ ti Amélie, obìnrin tí ń ṣọ́ ilé ìsìn, ẹni tí ìjọba pàṣẹ fún ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1941 pé kí ó lu agogo láti fi bọlá fún Ọ̀gágun Pétain, tí kò sì lù ú, nítorí pé agogo Ọlọ́run ni, kì í ṣe agogo Ọ̀gágun. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni ńlá ní ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ẹnu kọ ohun kékeré ni ó máa ń ní agbára láti kọ ohun ńlá.

Hallie tún ní òtítọ́ inú. Ó fi hàn pé òun gan-an jẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú ogun náà, pé ìbọn ńlá ni àwọn fi ja Jámánì, àti pé òun kò gbàgbọ́ pé àdúrà àti sùúrù nìkan ìbá dá Hitler dúró. Síbẹ̀ ó ń kọ̀wé ìyìn nípa àwọn tí kò gbé ìbọn. Kò gbìyànjú láti fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Olùkọ̀wé tí ó bá jẹ́ kí òǹkàwé rí ibi tí ọkàn òun ti pín sí méjì yẹ ní ẹni tí a ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní àléébù kan tí ó tóbi, òun ni ó sì mú mi gbé kálámù. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìwé Hallie fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ igi kan di igbó. Inú àkọsílẹ̀ tí Trocmé fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1971 ni ó ti rí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti láti ẹnu Magda àti àwọn tí ó sún mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ìlú láti ilé kan ṣoṣo, ilé náà ni yóò máa tóbi lójú rẹ̀. Bí o bá ka ìwé náà tán, ó lè dàbí ẹni pé pásítọ̀ kan ni ó jí ìlú tí ń sùn dìde, àti pé bí kò bá sí i, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ìbá ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣe ojú wọn, àti àwọn òpìtàn tí ó wá lẹ́yìn Hallie, ti bu ẹnu àtẹ́ lu èyí, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Le Chambon kò dá nìkan ṣe iṣẹ́ náà. Le Mazet-Saint-Voy wà nítòsí rẹ̀, Tence wà níbẹ̀, Fay wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ abúlé àti oko tí orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn ìlú wọ̀nyí ní pásítọ̀ tiwọn, wọ́n sì gba àwọn tí ń sá. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé àwọn onígbàgbọ́ kan wà ní àgbègbè náà tí wọn kò ní pásítọ̀ rárá, tí wọ́n jẹ́ pé inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ka Bíbélì tí wọ́n sì ń gbàdúrà. Àwọn wọ̀nyí kò jókòó lábẹ́ ìwàásù Trocmé, síbẹ̀ wọ́n gba ọmọ Júù sílé. Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà kan náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá wí pé ìwàásù ẹnì kan ni ó fa gbogbo rẹ̀, báwo ni o ó ti ṣe ti àwọn tí kò gbọ́ ìwàásù náà?

Wo bí ọmọ kan ti ń dé orí òkè náà. A ní láti kọ́kọ́ gbà á kúrò ní àgọ́, tàbí lọ́wọ́ òbí rẹ̀ tí ọlọ́pàá ń wá. Madeleine Dreyfus, obìnrin Júù kan tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ OSE ní ìlú Lyon, a máa kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè náà, a sì máa bá a kiri láti oko dé oko láti wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. A mú un ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, a gbé e lọ sí àgọ́ Bergen-Belsen, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Nígbà tí ọmọ bá dé, ó ní láti rí ibi sùn: àwọn ará Súwísàláńdì ní ilé àwọn ọmọ níbẹ̀, irú bí La Guespy tí wọ́n ṣí ní ọdún 1941, tí ọ̀dọ́mọkùnrin August Bohny ń bójú tó, àwọn ẹgbẹ́ Quaker láti Amẹ́ríkà ran iṣẹ́ irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní láti ní ìwé ìdánimọ̀ àti káàdì oúnjẹ: Oscar Rosowsky, ọ̀dọ́mọkùnrin Júù tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó dé àgbègbè náà, ni ó ń ṣe àwọn ìwé náà ní oko àgbẹ̀ kan, tí ó sì ń fi ohun èlò rẹ̀ pamọ́ sínú ilé oyin. Ó ní láti kàwé: Darcissac gba àwọn ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, Theis sì gbà wọ́n sí tirẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, Dókítà Roger Le Forestier ń bẹ, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Áfíríkà wa yìí kí ó tó wá síbẹ̀. Àwọn ará Jámánì pa òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Saint-Genis-Laval ní oṣù kẹjọ ọdún 1944. Bí ibẹ̀ bá sì gbóná jù, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ CIMADE ni ó ń mú àwọn tí ń sá gba ọ̀nà òkè dé ẹnu ààlà Súwísàláńdì.

Òǹkàwé mi, ka àwọn ọwọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo gbà kọjá. Ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé díẹ̀ nínú àwọn ọwọ́ náà jẹ́ ọwọ́ àwọn Júù fúnra wọn. Wọn kì í ṣe ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé kiri. Wọ́n jà fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé wọ́n dákẹ́. Aládùúgbò ń bẹ, ẹni tí ń ta wàrà ń bẹ, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ tí ó mọ̀ pé orúkọ tí ọ̀rẹ́ òun ń jẹ́ kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn bá la ẹnu, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ìbá ṣòfò. A kò lè kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó dákẹ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún wọn kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Hallie, Pierre Sauvage ṣe sinimá kan lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì pè é ní Weapons of the Spirit, èyí tí í ṣe, ohun ìjà ẹ̀mí. Sauvage kì í ṣe àlejò níbẹ̀: ní Le Chambon gan-an ni a ti bí i ní oṣù kẹta ọdún 1944, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ tí í ṣe Júù sá pamọ́ síbẹ̀. Sinimá rẹ̀ tún ohun tí ìwé náà fi sílẹ̀ ṣe. Ó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ tí ó ti darúgbó jókòó kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Nígbà tí ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ìdáhùn wọn kúrú, ó sì rí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà wọ́n lẹ́nu. Lójú wọn, kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Ṣùgbọ́n sinimá náà pẹ̀lú ní ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ó sọ pé 5,000 Kristẹni ni ó fi 5,000 Júù pamọ́. Iye yìí dùn í gbọ́, ó sì rọrùn láti rántí, bóyá nítorí èyí ni ó ṣe tàn kálẹ̀. Àwọn òpìtàn tí ó tú ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà gbà pé àwọn Júù tí a fi pamọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ púpọ̀. Rántí èyí, ìwọ tí ó ń kọ́ bí a ti ń kọ̀wé: òtítọ́ tí ó tóbi kò fẹ́ kí a fi iye bù kún òun. Àwọn tí ó fẹ́ fi ìwà ìkà bora ń dúró de àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè wí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí èmi kò lè fò dá, nítorí pé olùkọ́ ni mí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, a ń kọ́ ọ pé irọ́ kò dára. Nínú ìtàn yìí, àwọn onígbàgbọ́ ń fi orúkọ èké sórí ìwé, ọmọdé ń kọ́ láti dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Báwo ni a ó ti sọ ọ́? Àwọn ìwé mìíràn ìbá sáré kọjá níbí. Hallie kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì yìn ín fún un. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn Trocmé, pé ọkàn wọn kò balẹ̀ lórí àwọn ìwé èké wọ̀nyí. Ó sọ pẹ̀lú pé nígbà tí ó tó àkókò láti tú àwọn mẹ́ta tí a mú sílẹ̀, a ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wọn yóò máa gbọ́ràn sí Ọ̀gágun Pétain lẹ́nu. Darcissac, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, fọwọ́ sí i. Àwọn pásítọ̀ méjèèjì kọ̀. Kò pẹ́ tí a fi tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Ó rọrùn láti yin àwọn méjì kí a sì fojú kéré ẹnì kẹta. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà padà sílé, ọwọ́ rẹ̀ sì tún wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìjọba náà ń wá. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàárín irọ́ àti irọ́. Ẹni tí ó purọ́ nítorí èrè ara rẹ̀ fi ọrùn ẹlòmíràn sínú okùn. Ẹni tí ó kọ orúkọ èké láti gba ọmọ lọ́wọ́ apànìyàn fi ọrùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn tí kò balẹ̀ tí àwọn Trocmé ní dára ju ọkàn tí ó balẹ̀ lọ. Ẹni tí irọ́ bá ń dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ tí ń gba ẹ̀mí là, ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò padà sí òtítọ́ nígbà tí ìjì bá rọlẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kò yẹ kí ọmọdé ní akọni tí yóò máa wò? Ó yẹ. Èmi kò wí pé kí a gbàgbé Trocmé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbàgbé Daniel Trocmé, ìbátan rẹ̀, olùkọ́ tí ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní Maison des Roches. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá inú ti Jámánì, àwọn Gestapo, já wọ ilé náà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1943, ó wà ní ilé mìíràn, ó sì lè sá wọ igbó. Kò sá. Ó lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, a sì mú òun pẹ̀lú àwọn méjìdínlógún nínú wọn. Ó kú sí àgọ́ Majdanek ní oṣù kẹrin ọdún 1944. Èmi tí mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níwájú pátákó ìkọ̀wé, n kò mọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe tí ó ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n akọni yàtọ̀ sí òrìṣà. Bí a bá sọ akọni di òrìṣà, a ó máa kí i, a ó máa yìn ín, a kò ní máa ṣe bí ó ti ṣe. Ohun tí àwọn ará Le Chambon kò fẹ́ gan-an nìyí. Hallie fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò fẹ́ kí a máa pe àwọn ní ẹni rere. Nígbà tí ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù bọlá fún wọn ní ọdún 1990, kì í ṣe ẹnì kan ni ìwé ẹ̀yẹ náà dárúkọ bí kò ṣe Le Chambon àti gbogbo àwọn agbègbè tí ó yí i ká. Lójú tèmi, ìwé ẹ̀yẹ náà jẹ́ lámèyítọ́ tí ó dára jù lọ tí a ti ṣe lórí ìwé Hallie.

Kí n tó dákẹ́, jẹ́ kí n rán ọ létí ohun kan tí ìwé náà àti sinimá náà kò tẹnu mọ́ tó. Àwọn ọmọ tí a fi pamọ́ kò wà ní ìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà, tí a kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ sọ èdè ilé rẹ̀, ń sunkún ní òru bí oko tí ó wà tilẹ̀ dára. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ dúró de òbí tí kò padà. A gba ẹ̀mí wọn là. A kò lè gba ilé wọn là. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ayọ̀ ni ó fi parí, kò tíì wo ojú àwọn ọmọ náà.

Nítorí náà, nígbàkúgbà tí o bá tún ka ìtàn inú rere, má ṣe bi ara rẹ léèrè bóyá ìwọ ìbá jẹ́ Trocmé. Ìbéèrè náà kò ní èrè, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Béèrè pé ta ni ó dá iná sí ààrò, ta ni ó bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo àlejò, ta ni ó wá bàtà kiri, ta ni ó mọ̀ tí kò sọ. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1942, àwọn ọlọ́pàá kó bọ́ọ̀sì wá sí Le Chambon láti kó àwọn Júù lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá kiri, ẹyọ ọkùnrin kan ni wọ́n rí, ó sì jókòó ní òun nìkan nínú bọ́ọ̀sì ńlá náà. Ọmọ Trocmé, tí í ṣe ọmọdé, wá, ó sì fún un ní ègé ṣokoléètì tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀bùn wá, títí ẹ̀bùn fi pọ̀ yí ọkùnrin náà ká lórí ìjókòó. Ọmọdé ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Bí ọmọ kan bá wà nínú kíláàsì rẹ tí àwọn yòókù ń fi ṣẹ̀sín nítorí èdè rẹ̀, tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ìwọ kò nílò ìwàásù pásítọ̀ kankan kí o tó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga rẹ kí ó lè rí ibi jókòó. Ka ìwé Hallie nígbà tí o bá rí i. Kà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kà á pẹ̀lú ìyè inú, kí o sì máa wo ẹ̀yìn igi ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí pé igbó ń bẹ níbẹ̀, àyè sì ń bẹ nínú igbó náà fún ọ.